Ọwọ́ Tí Mo Fi Rẹ́ Ilé Amọ̀ ní Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, mo gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́, mo tò sórí ìlà títí ó fi kàn mí. Ọmọbìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ ní kí n gbé àtàǹpàkò mi lé e. Mo gbé e lé e, ẹ̀rọ kọ̀. Ó fi aṣọ nu ọwọ́ mi, a tún un ṣe, ẹ̀rọ tún kọ̀. Ló bá di ọwọ́ mi mú, ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, iṣẹ́ wo lẹ ṣe láyé yín? Kò sí ìlà kankan lọ́wọ́ yín mọ́."

Mo ní, "Ilé ni mo rẹ́."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Bíríkìlà ni yín?"

"Mo ṣe ìyẹn náà nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ ni mo kọ́kọ́ rẹ́, ọwọ́ yìí náà ni mo sì fi rẹ́ ẹ."

Ó wò mí títí. Ó wá bi mí, tọkàntọkàn, bóyá èèyàn lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ayé rẹ̀ kó má sì kábàámọ̀. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n ti ń kùn, n kò lè dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ìdáhùn náà ni mo ń sọ yìí, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ yín ṣe.

Ọmọ Ifira ni mí. Èdè tí à ń sọ nílé wa kì í ṣe Yorùbá. Ilé ìwé ni mo ti kọ́ ọ, ọjà Ìkàrẹ́ ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi í nájà. Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ondo sílẹ̀ ni mo jáde ìwé mẹ́fà. Agbára bàbá mi kò gbé e láti rán mi lọ síwájú, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Ọ̀kà bá ní kí n máa bọ̀. N kò tíì mọ ọ̀nà odò tí wọ́n fi fà mí lé Ìyá Ọmọ́níyì lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n san àti ohun tí wọn kò san, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó tọ́ ọmọ mẹ́rin, ó tán.

Lákòókò yẹn, ẹni tó bá kọ́lé búlọ́ọ̀kù ní Ọ̀kà, gbogbo ìlú ló mọ orúkọ rẹ̀. Amọ̀ ni gbogbo wa ń gbé. Mọlémọlé ló máa wa ilẹ̀, á bu omi sí i, á kó àwọn ọkùnrin jọ láti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan bí ògì ṣe ń kan. Lẹ́yìn náà ni yóò máa mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún lọ, yóò sì gbẹ dáadáa kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Páànù ni wọ́n ń fi bò ó láàárín ìlú. Ní oko àti ní àdúgbò àwọn àgbà, koríko bẹẹrẹ ni, tàbí ewé gbòdògì tí wọ́n tò lérí ara wọn bí ìyẹ́ adìyẹ. Bí ilé bá ti ní òrùlé, iṣẹ́ ọkùnrin tán nìyẹn. Obìnrin ló ń rẹ́ ẹ, inú àti òde. Nínú agbo ilé púpọ̀, àwọn ìyàwó ilé ló ń ṣe é fúnra wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ògiri tí yóò máa dán bí ẹ̀yìn ìgbín, Ìyá Ọmọ́níyì ló ń ránṣẹ́ sí.

Obìnrin kúkúrú ni, ó gbẹ, ó sì dúdú. Áásáà kì í wọ́n nídìí aṣọ rẹ̀. Ilé àwọn tó ń bọ ilẹ̀ ni wọ́n ti bí i, kó tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ibikíbi, á da omi sílẹ̀, á sì tọrọ ààyè. Kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Orúkọ mi kò jáde lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú. "Ọmọ Ifira" ni mo ń jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó mú mi lọ sí ibi òkìtì ọ̀gán kan lẹ́yìn ìlú, ó bu erùpẹ̀ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Tọ́ ọ wò."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí ẹ̀rín níbẹ̀, mo bá fi ahọ́n kàn án. Ó bu òmíràn létí odò, mo tọ́ ọ wò. Ó bu ẹ̀kẹta lójú ọ̀nà. Ó wá bi mí ní ìyàtọ̀ wọn. Mo ní gbogbo wọn ló ń dùn bí ilẹ̀. Kò bá mi wí. Àmọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, n kò fọwọ́ kan ògiri. Omi ni mo ń pọn, erùpẹ̀ ni mò ń sẹ́, mo sì ń tọ́ ọ wò. Díẹ̀díẹ̀, ahọ́n mi là. Mo mọ èyí tí yanrìn rẹ̀ ń ró láàárín eyín, tí yóò máa dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo mọ èyí tó ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu bí iyán, tí yóò sán bí ó bá gbẹ. Mo sì mọ èyí tó wà láàárín, tí kò lẹ̀ tí kò sì ró. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ní adùn tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo kọ́ ìpò. Erùpẹ̀ tó kúnná, ẹlẹ́bọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, tí a rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, eérú, àti omi tí a fi èèpo èso igbá sè, ìyẹn igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Omi náà á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí òjò yọ̀ lára ògiri. Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé èèpo tí à ń dà sí ààtàn lè lé òjò lọ? Mo bi Ìyá léèrè. Ó ní ẹni tó kọ́ òun kò sọ fún òun.

Ògiri ilé ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ fún mi rẹ́. Mo ṣe é láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, mo fi òkúta odò tó ń dán rìn ín, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dé, ó wò ó, ó gbé ọkọ́, ó sì ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Kò sọ ohun tí mo ṣì ṣe. Mo tún un rẹ́, ó tún un ha. Ẹ̀ẹ̀meje ni. Ní ìgbà karùn-ún mo sunkún, ó jókòó sórí àpótí, ó dúró kí n sunkún tán, ó wá ní, "Omi ojú kò ní iyọ̀ tó yẹ fún ògiri. Pọn omi odò." Ní ìgbà kẹjọ, ó wò ó, ó ki ọwọ́ bọ ìdí aṣọ, ó fín áásáà. Kò gbé ọkọ́. Ìyìn rẹ̀ nìyẹn, n kò sì gba ìyìn tó dùn jù ú lọ láyé mi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun kan ló kù tó kọ́ mi, òun náà ló sì ṣòro jù. Kí a tó fi ohunkóhun lé ògiri, ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, mo ń sọ pé ó ti gbẹ.

Ó ní, "Fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í."

"Ìyá, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n."

"Ọwọ́ rẹ ti le, yóò máa purọ́ fún ọ. Fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, kí o sì di ojú."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri kan lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn tó sùn. Èkejì, tí ọwọ́ mi sọ pé kò yàtọ̀, tutù láti inú wá.

Ó ní, "Ògiri ń mí, ọmọ Ifira. Òjò tó bá mu, ó gbọ́dọ̀ rí ibi tú u jáde. Tìrẹ ni kí o má dí i nímú."

Ní ọdún kejì mi lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan fẹ́ kọ́lé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tí kò sí ilẹ̀ tí èèyàn lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀kà, ẹ mọ̀ pé àpáta ló ni ìlú, àwa kàn ń yá ibẹ̀ gbé ni. Mọlémọlé tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ni Bàbá Ajíbádé, ọkùnrin gíga kan tó ti ń mọ ilé kí wọ́n tó bí mi. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ títí òun yóò fi gun òkè lọ wo bí àwọn ará ìṣáájú ṣe ṣe tiwọn. Ìyá Ọmọ́níyì ní òun náà ń lọ. Èmi ni mo ru omi.

Ọyẹ́ ń fẹ́. A gùn ún títí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lókè, nínú igbó tó ti bo ibẹ̀, a bá ògiri òkúta. Kò sí amọ̀ láàárín wọn, kò sí nǹkan kan. Wọ́n kàn yan òkúta, wọ́n yí i títí ikùn èyí fi gba ẹ̀yìn ìyẹn. Igi ti hù láàárín ibi tó jẹ́ yàrá nígbà kan, igi náà ti tóbi ju ohun tí èèyàn méjì lè gbá mọ́ra, síbẹ̀ ògiri kò yẹ̀. Bàbá Ajíbádé fi èjìká rẹ̀ tì í, bí ẹni fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀.

Ìyá ti rìn síwájú. Nígbà tí mo bá a, ó dúró lábẹ́ àpáta kan tó na orí jáde bí òrùlé. Ògiri amọ̀ kan wà níbẹ̀, kò ga ju àyà lọ. Ìdajì rẹ̀ ṣì ní ara tí wọ́n rẹ́ sí i. Ó dúdú, ó ń dán. Mo rí ipa òkúta tí wọ́n fi rìn ín, ó ń yí roboto roboto, bí èmi náà ṣe ń ṣe é lánàá. Ìyá tú gèlè rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ògiri náà.

Mo ní, "Ta ló rẹ́ ẹ, Ìyá?"

"Mi ò mọ̀. Àwọn tó kọ́ àwọn tó kọ́ mi kò mọ orúkọ wọn."

Mo ti rò pé iṣẹ́ àwọn tí kò rówó ra símẹ́ǹtì ni mò ń kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn àwọn èèyàn ńlá ni mo wà.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Ajíbádé kó igi gbígbẹ jọ sórí àpáta ibi ilé náà, ó dáná sí i, ó ń koná mọ́ ọn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí. Ó wá ní kí a da omi tútù lé e lójijì. Àpáta náà dún bí ìbọn. Nígbà tí èéfín túká, ó ti là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn ló tò ṣe ẹsẹ̀ ilé. Kò sí ohun tó wọ inú iṣẹ́ náà tí a kò rí lórí òkè kan náà. Ilé ọ̀hún ṣì wà, wọ́n ti pààrọ̀ páànù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò fọwọ́ kan ògiri.

Ìgbà yí padà. Owó epo dé ìlú, símẹ́ǹtì tẹ̀lé e. Mo ti lọ́kọ, mo ti bí Fọlá, mo sì ń dá ṣiṣẹ́. Sùlè, bíríkìlà kan ní Ìkàrẹ́, rí ọwọ́ mi, ó ní kí n wá máa bá òun rẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín, obìnrin tó ń lo irin bíríkìlà. Sùlè ní kí wọ́n wo ògiri mi kí wọ́n wo tiwọn. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Irin yẹn dùn mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta, á ṣe é tán ní ọjọ́ kan. Mo mú un lọ han Ìyá Ọmọ́níyì. Ó gbé e wọ̀n lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò tọ́ etí rẹ̀ wò.

Ó ní, "Ó dára fún òkúta. Má fi kan amọ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nǹkan le, símẹ́ǹtì di ọ̀wọ́n. Ẹni tí kò lè fi kọ́ odindi ilé kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ará ilé amọ̀. Wọ́n wá dá a sílẹ̀: mọ ilé ní amọ̀, fi símẹ́ǹtì bò ó, fa ìlà sí i kó jọ búlọ́ọ̀kù. Gbogbo Àkókó ló ń béèrè rẹ̀. Mo kọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ń ṣe é. Bí ògiri bá ti gbẹ daindain, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó, mo sì fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Tíṣà kan ní Etioro ránṣẹ́ sí mi. Ó ń kọ́lé fún ara rẹ̀ àti fún ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà. Wọ́n pẹ́ mọ ilé náà, òjò àkọ́rọ̀ ti bá ìpele òkè kí páànù tó dé. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ògiri yàrá ìyá náà. Ó tutù.

Mo ní, "Tíṣà, ògiri yìí kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn."

Ó ní, "Ìyá Fọlá, símẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀. Bí ó bá dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, yóò dì sínú àpò. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ sọ, kí n pe ẹlòmíràn."

Èmi ló ń sọ "bí ẹ kò bá lè ṣe é" fún? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára. Àwọn èèyàn ń dúró lójú ọ̀nà wò ó, iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn ló sì ti ibẹ̀ jáde fún mi.

Ní òjò ọdún kejì, mo ń bọ̀ láti oko ẹ̀gbọ́n mi, mo gba iwájú ilé náà kọjá. Ìyá Tíṣà jókòó níta, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo rí àmì omi ní ìsàlẹ̀ ògiri, ó ga tó igbọ̀nwọ́. Mo fi ìka kàn án, ó dún gbọ̀n-ùn bí àgbá òfìfo. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. Ó tutù bí òkúta inú odò.

Ìyá náà gbé ojú sókè. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Kò sí, Màmá."

Mo kí i, mo bá tèmi lọ. Ohun tí mò ń rò ni orúkọ mi, àti àwọn ilé mìíràn tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Mo ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, màá fọgbọ́n wá a tún ṣe.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dá, oòrùn yọ, lọ́sàn-án gangan ògiri náà wó sínú yàrá. Ìyá Tíṣà wà lórí ẹní rẹ̀. Awakọ̀ kan ló gbé ìròyìn dé Ọ̀kà, mo sì bá a padà. Wọ́n ti ń wa erùpẹ̀, mo bọ́ sáàárín wọn, ọwọ́ lásán ni mo fi ń wà á. Èèpo símẹ́ǹtì mi ṣì wà ní odindi, ó le koko bí èèpo ẹyin, ìlà tí mo fà sí i ṣì gún. Lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ ti di ògì. Ògiri náà ti ń wá ibi mí fún ọdún méjì, èmi ni mo dí i nímú.

A yọ ìyá náà láàyè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Bàbá kan tó ń to eegun tọ́jú rẹ̀, ó sàn, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Mo lọ bá Ìyá Ọmọ́níyì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, ohùn mi ló fi mọ̀ mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ó ní, "Ṣé o mọ̀ kó tó wó?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

"O wá sọ fún mi."

"Ẹ̀yin ni mo lè sọ fún."

"Èmi kọ́ ni mo ni ẹsẹ̀." Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ẹsẹ̀."

N kò rí oorun sùn fún ọjọ́ méjì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, ẹnu tèmi ni mo pa dé tí aláǹgbá fi wọlé. Ní ọjọ́ kẹta mo lọ sí Etioro. Tíṣà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní ìyá rẹ̀, mo sọ pé ọjọ́ tí mo kọjá yẹn, mo mọ̀. Tíṣà dìde, ó jáde kúrò nínú yàrá.

Ìyá náà yí ojú sí mi.

Ó ní, "Mo rí ọ nígbà tí o fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. Mo rí ojú rẹ. Nítorí rẹ̀ ni mo fi bi ọ́."

"Lóòótọ́ lẹ bi mí, Màmá."

"Tún un mọ. Kó jẹ́ lójú mi."

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ibẹ̀ ni mo wà. Bàbá Ajíbádé, tí kò lè gbé amọ̀ mọ́, wá jókòó sórí àga, ó ń darí àwọn tó ń mọ ọ́n. Mo ha símẹ́ǹtì kúrò lára gbogbo ògiri tó kù, yàrá lẹ́yìn yàrá, kí gbogbo wọn lè rí afẹ́fẹ́. Lójoojúmọ́ wọ́n ń gbé ìyá náà jáde sábẹ́ igi máńgòrò, ó na ẹsẹ̀, ó ń wò mí. Bí mo bá fẹ́ yára, á fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Mo sẹ́ erùpẹ̀, mo pò ó, mo rẹ́ ẹ, ọwọ́ lásán àti òkúta odò. Lẹ́yìn náà mo lọ sí àwọn ilé yòókù tí mo ti fi símẹ́ǹtì bo amọ̀ tútù, mo kan ilẹ̀kùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sọ òótọ́. Àwọn kan bú mi. Àwọn kan ní kí n bọ̀ wá tún un ṣe.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ní Etioro, ìyá náà ní kí n fa òun dìde. Mo gbé apá rẹ̀ lé èjìká mi, ó fi ọ̀pá tẹ̀ dé yàrá. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó di ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Ó ní, "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ó wá pe àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ẹní òun wọlé. Tíṣà kò kí mi fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ ló wá sí Ọ̀kà láti sọ fún mi.

Ìyókù iṣẹ́ mi kò gùn láti sọ. Búlọ́ọ̀kù borí. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ dé gbogbo ìkóríta, àwọn mọlémọlé di àgbẹ̀, Bàbá Ajíbádé lọ, Ìyá Ọmọ́níyì lọ. Èmi àti Sùlè rẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù káàkiri Ìkàrẹ́ títí eékún mi fi kọ̀. Símẹ́ǹtì lórí búlọ́ọ̀kù kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. N kò bú u. Ilé búlọ́ọ̀kù ni èmi náà ń gbé, Fọlá ló kọ́ ọ fún mi. Ó lẹ́wà, ó gbóná bí ààrò, lọ́sàn-án abẹ́ igi ni mo máa ń wà.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n ń fẹ ọ̀nà kan lójú ní Ìkàrẹ́. Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ládùúgbò náà, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, a ń wo katapílà. Ó kọlu ṣọ́ọ̀bù búlọ́ọ̀kù kan, ìyẹn wó lẹ́ẹ̀kan. Ó kan ilé amọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé àtijọ́ kan tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó mọ ọ́n. Ó kọlù ú, ilé kò mira. Ó padà sẹ́yìn, ó tún kọlù ú, erùpẹ̀ díẹ̀ dà. Awakọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ àlejò, pa ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ògiri náà. Ó wo àwa àgbà méjì.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kí ni wọ́n fi kọ́ eléyìí?"

Mo ní, "Ilẹ̀ tí o dúró lé yẹn ni."

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tún wo ògiri. Lẹ́yìn náà ó gun ẹ̀rọ rẹ̀ padà, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ní ìgbà kẹfà ilé náà wó.

Ọ̀nà náà kò dé ibẹ̀ tán, owó iṣẹ́ ló tán ni tàbí nǹkan mìíràn, n kò mọ̀. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, koríko kò hù lórí rẹ̀, ewúrẹ́ ló ń gùn ún. Ti ilé amọ̀, òjò ọdún kan ló fi wọlẹ̀. Nígbà tí mo tún lọ kí ọ̀rẹ́ mi, n kò rí òkìtì, n kò rí ibi tí yàrá wà. Ọ̀rẹ́ mi ti fi ọkọ́ kọ ebè sí i, ó ti gbin àgbàdo, àgbàdo náà ga ju orí mi lọ. Ó ya mẹ́ta níbẹ̀, ó sun ún lórí èédú, ó fún mi ní ọ̀kan. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán.